Gbàǹjo Máṣíìnì Mẹ́ta

Ẹni tó bá ní àga, kó fà á súnmọ́ mi. Ẹni tí kò bá ní, kápẹ́ẹ̀tì ilé yìí mọ́, kó jókòó síbẹ̀. Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, torí ohùn mi kò ròkè tó bẹ́ẹ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ máa bá ẹ̀rọ du ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe bí mo ṣe wọ bàálù. Gbogbo wa la wọ bàálù. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì ìránṣọ mẹ́ta ni, àti bí ẹnu mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ mi jẹ́ ní ìlú tí orúkọ náà kò tíì mọ́ wọn lẹ́nu.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Barking, nílùú òyìnbó níbí, kì í ṣe òtútù ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi nílé, mo ti múra dè é. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé wọn kì í ná ọjà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé ni mo wọ ṣọ́ọ̀bù bàtà kan ní East Street. Mo gbé bàtà òtútù kan, mo wo ìdí rẹ̀, mo fi èékánná họ awọ rẹ̀, mo wá dá iye lé e: ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọmọbìnrin tó ń tajà kàn ń wò mí. Mo rò pé ó ń ṣe bí ọlọ́jà ṣe máa ń ṣe ni, kó tó ní kí n fi nǹkan lé e. Mo bá yí padà, mo rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà, mò ń dúró kó pè mí. Kò pè mí. Mo tún dúró díẹ̀ sí i, mò ń wo òjò. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, ó ti gbé bàtà náà padà sórí pẹpẹ, ó sì ń fi àánú wò mí, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹni tí ebi ń pa.

Bàtà pẹlẹbẹ tí mo gbé wá láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo fi rìn délé nínú òjò yẹn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Abẹ́ àtíbàbà ìyá tó ń ta abọ́ tánganran ni mo dàgbà sí. Níbẹ̀, bí mo bá ná ọjà rẹ, mo ti bá ọ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Wàá bi mí léèrè ilé, èmi náà á bi ọ́ léèrè ọmọ. Wàá ní owó tí mo dá kò tó owó ilé, màá ní ṣé wúrà ni wọ́n fi kun abọ́ rẹ ni. Ká tó pa á, ìyẹn ká tó fẹnu kò sí iye kan, a ti di ojúlùmọ̀. Níbí, o gbé ọjà kọjá iwájú iná pupa kan, ó ké pííp, ó parí. Mo lè ra oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan láìla ẹnu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni mo máa ń pè ní òtútù.

Mo rí iṣẹ́ ní ilé ìwé kan lápá Goresbrook, mo sì fi ọdún mẹ́rìndínlógún nu ilẹ̀ ibẹ̀. Kí olùkọ́ kan tó dé, mo ti ṣe tán. Àwọn tó ń rìn lórí ilẹ̀ tí mo nù kò mọ ojú mi, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà ń dán débi pé wọ́n ń rí ojú ara wọn níbẹ̀. Ohun tó gbé mi ró ni abẹ́rẹ́. Ìjọ Aládùúrà wa wà nínú ilé kan tí wọ́n ti ń kó táyà sí tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn sì ń wá sùtánà funfun tó bá ara wọn mu, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé tó dé tó gùn gbálẹ̀. Mo rán ti ìyá kan, ẹnìkan rí i lọ́rùn rẹ̀, ó ní ta ló rán an. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbàgbé orúkọ mi. Ìyá Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo ìjọ ń pè mí.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì. Àwọn akọrin gbé aṣọ wá kí n rán sùtánà méjìlélógún fún ìkórè. Mo ti gé gbogbo rẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, máṣíìnì mi bá ṣe gììrì, ó rú èéfín díẹ̀, ó dákẹ́. Mo fọwọ́ gbá a, mo bẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀ kọ orin sí i. Kò dáhùn.

Ẹni tó ń gbé yàrá òkè nílé mi ní Dagenham nígbà yẹn ni Tọ́pẹ́, ọmọ Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, ó ń bọ́ bàtà iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ wo iye tuntun.

"Mummy, kí lẹ fẹ́ ra tuntun fún? Ẹ jẹ́ ká wo àlòkù lórí fóònù. Ẹ máa *bid* ni."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ máa sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ rà á. Ẹlòmíì á sọ tiẹ̀. Tí àsìkò bá ti pé, ẹni tí owó rẹ̀ ga jù ló ni ín."

Mo pariwo. "Gbàǹjo! Tọ́pẹ́, gbàǹjo lò ń sọ fún mi yẹn!"

"Kí ni gbàǹjo, Mummy?"

"Jọ̀wọ́, fún mi ní fóònù. Háà! Àṣé wọ́n ń ná ọjà ní ìlú yìí, inú fóònù ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí!"

Ó bá mi ṣí i, ó kọ orúkọ mi síbẹ̀ pátá, ti bàbá mi àti ti ọkọ mi, ó fi ibi tí màá tẹ̀ hàn mí. "Àmọ́ ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ o," ló sọ kó tó lọ sùn. Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sán ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi. Mo rí máṣíìnì dúdú kan, àtijọ́, òdòdó wúrà wà lára rẹ̀. Eastbury ni ẹni tó ń tà á wà, kò jìnnà sí mi rárá. Mo dá iye lé e. Ẹnìkan níbì kan fi nǹkan lé tèmi. Mo ní, "Ìwọ ta nìyẹn?" Mo tún fi lé e. Òun náà tún fi lé e. Inú mi dùn bí ẹni rí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe, torí ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti bá mi du ọjà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kọ́ mi pé a kì í ra ọjà ní ìsọ̀ àkọ́kọ́. Ná an ní ìsọ̀ mẹ́ta, kó o tó mọ èyí tí wàá padà sí. Mo bá kọjá sí ìsọ̀ kejì, máṣíìnì funfun kan tó wà lọ́dọ̀ obìnrin kan lókè ọ̀hún; mo dá iye lé e. Mo dé ìsọ̀ kẹta, mo rí ẹ̀yà tèmi gan-an tó kú yẹn, ó mọ́ rekete nínú fọ́tò. Ìwé wà lábẹ́ rẹ̀ lóòótọ́. Ta ló ń kàwé lọ́jà? Ojú la fi ń wo ọjà. Mo dá iye lé òun náà, mo gbé fóònù jù sílẹ̀, mo lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́ ìsinmi ni gbàǹjo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta parí, a wà lórí eékún nínú ilé ìjọsìn, fóònù mi wà ní pípa nínú báàgì. Nígbà tí a jáde, tí a ń wọ bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà, mo tan fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbé e fún Tọ́pẹ́.

"Wọ́n ní ẹ kú oríire, Mummy."

"Àmín. Ti kí ni?"

Ó ń fi ìka fa nǹkan sókè sódò. Ojú rẹ̀ yí padà. "Mummy, ẹ ti ra máṣíìnì mẹ́ta."

"Mi ò rà á o. Mo ná an ni."

"Mummy, kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀."

Bùrọ́dà Káyọ̀dé tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó jẹ́ ògbóǹkangí nínú ká gbani nímọ̀ràn, gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ìyá Alábẹ́rẹ́ ti di ilé-iṣẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ ni? Mo lè pọn omi!"

"Káyọ̀dé, fi mí sílẹ̀."

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó yọ yín lẹ́nu. Ẹ sanwó ọ̀kan, kẹ́ ẹ gbàgbé méjì tó kù. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Ọlọ́pàá ò ní wá sí Dagenham torí máṣíìnì. Tí wọ́n bá pa orúkọ yẹn rẹ́ níbẹ̀, Tọ́pẹ́ á ṣí òmíràn fún yín."

Mo wo Tọ́pẹ́. "Lóòótọ́ ni, Mummy," ó ní. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹni tó wà ní Eastbury kọ."

Ó kà á fún mi. Ọkùnrin náà kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn kan ti borí níbi gbàǹjo máṣíìnì yìí tí wọn ò wá gbé e. Ó ní ẹni tí kò bá ní wá, ẹ jọ̀wọ́, kó má fowó lé e. Orúkọ mi sì wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, gígùn gbọọrọ, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó máa rí orúkọ yẹn tó máa rò pé Essex ni wọ́n ti sọ ọ́. Tí mo bá sá, kì í ṣe èmi nìkan ni yóò sá. Ẹnikẹ́ni tó bá tún fowó lé ọjà ọkùnrin yẹn pẹ̀lú orúkọ tó jọ tèmi, ojú tí yóò fi wò ó nìyẹn.

Mo pe àbúrò mi Bísọ́lá ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí mo ṣe ń pè é ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi.

"Bísọ́lá, mo ti ṣe nǹkan."

"Kí lẹ ṣe, Àǹtí mi? Ẹ ò ṣubú o?"

"Mo ná ọjà ní ìsọ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kí n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Báàgì pupa!"

Mo ti gbàgbé báàgì pupa. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà yẹn. Mo dúró níwájú ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta báàgì, mo dá owó kékeré kan lé e, eré ni mò ń ṣe, mo fẹ́ ṣe bí àgbà. Ìyá náà ní, "Ó dáa, mú owó wá." Mo sá. Kí n tó dé ìsọ̀ ìyá mi, ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Màámi kò nà mí. Ó ka owó sí mi lọ́wọ́, nínú owó abọ́ tó tà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. "Lọ gbé e."

"Màámi, mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Èmi ò bi ọ́ bóyá o fẹ́ ẹ. O dá iye lé ọjà, ọlọ́jà gbà fún ọ, ọjà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tí ẹlòmíì bá wá báyìí, ó máa sọ fún un pé ó ti tà. Ṣé kó jókòó máa retí rẹ ni?"

Gbogbo ọdún yẹn ni mo gbé báàgì pupa náà lọ sílé ìwé. Mo kórìíra rẹ̀. Màámi kò jẹ́ kí n gbé òmíràn.

"Àǹtí mi," Bísọ́lá ní lórí fóònù, "Màámi ò sí mọ́. Kò sẹ́ni tó máa rán yín padà."

"Ìdí nìyẹn tí mo fi máa rán ara mi. Ṣùgbọ́n owó tí mo fẹ́ fi wọ bàálù wálé ní Kérésìmesì ni màá fi san án. Mi ò ní lè wá."

Ọdún kẹrin nìyẹn tí a ti fojú kan ara wa kẹ́yìn. Mo gbọ́ bó ṣe mí. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ gbé báàgì yín."

Mo san mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú.

Lọ́jọ́ Tuesday, mo fa kẹ̀kẹ́ ọjà mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Eastbury. Ilé ọkùnrin náà wà ní òpópónà kan tí kò jìnnà sí ilé ńlá àtijọ́ oníbíríkì pupa tó wà níbẹ̀. Mo rí i láti òkèèrè, ó jókòó lẹ́yìn fèrèsé. Ó ti ṣílẹ̀kùn kí n tó kan án. Arúgbó ni, ó gùn, ó tẹ̀ díẹ̀. Rọ́nì lorúkọ rẹ̀. Ó pe orúkọ mi, ó fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó pè é dé òpin, kò sì bi mí bóyá mo ní èyí tó kúrú.

"Mo rò pé ẹ ò ní wá," ó ní.

"Mo ti ná an," ni mo fi èèbó mi dáhùn. Bóyá ó yé e, mi ò mọ̀.

Máṣíìnì dúdú náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti nù ún. Ó ní ẹni àkọ́kọ́ sọ pé mọ́tò òun bàjẹ́. Ẹnì kejì kò tilẹ̀ sọ nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ló gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà, tó jókòó sídìí fèrèsé títí ilẹ̀ fi ṣú, tó tún gbé e padà. Ti ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ni. Obìnrin náà ló rán kọ́tìnnì gbogbo ilé òpópónà yẹn nígbà ayé rẹ̀. "Ẹ wo òdìkejì yẹn," ó ní, ó nawọ́ sójú fèrèsé kan, "tiẹ̀ ló kù síbẹ̀."

Ó po tíì fún mi. Bí mo ṣe fẹ́ dìde, ó ní, "Ẹ gbọ́ ná, ẹ jẹ́ kí n dá pọ́n-ùn mẹ́wàá padà fún yín, torí pé ẹ wá."

Ẹ wò mí o. Láti ọjọ́ bàtà òtútù yẹn ni mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ìlú yìí, tí mò ń retí kí ẹnìkan pè mí padà pé òun dín owó. Ó wá dé wàyí, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé: "Rárá o. A ti pa á. Iye tí mo dá náà ni."

"Ẹ le o," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ ọlọ́jà ni mí."

Ó ronú díẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó gbé agolo bísíkíìtì kan jáde. Bọ́tìnnì ló kún inú rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀, oríṣiríṣi. "Èyí ń kọ́? Kò sí lára ọjà."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ènì nìyẹn. Ọkùnrin yẹn ṣe ènì fún mi láìmọ̀ pé ohun tó ṣe lórúkọ.

Máṣíìnì funfun dé nínú páálí ní ọjọ́ kejì. Ó dára, ṣùgbọ́n ìdérí rẹ̀ ti là, bẹ́ẹ̀ ó pé nínú fọ́tò. Ibẹ̀ yẹn, mi ò dákẹ́. Ibi tí ẹ̀tọ́ mi bá wà, màá bèèrè rẹ̀. Tọ́pẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, a kọ̀wé sí obìnrin náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó fi ìdérí mìíràn ránṣẹ́. Kò sí ariwo níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló wá dé. Mo tì í bọ iná, kò mira. Tọ́pẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ jáde: kò ṣiṣẹ́, fún ẹni tó fẹ́ tú u nìkan ni. Bùrọ́dà Káyọ̀dé wà lórí àga níjọ́ náà, ó wá wọn sùtánà tirẹ̀.

"Èyí gan-an ni wọ́n máa dá owó rẹ̀ padà, Màmá! Ẹ kọ ọ́ pé ó dé, kò ṣiṣẹ́. Wọn ò ní bi yín léèrè púpọ̀. Ẹni tó ń rà ni wọ́n máa ń gbè."

"Káyọ̀dé, ṣé wọ́n purọ́ fún mi?"

"Wọn ò purọ́."

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́."

"Ta ni kò kà á?"

Káyọ̀dé dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í jẹ́ kí ojú ti ẹni tó gbé báàgì rẹ̀. Ẹ̀yà kan náà ni òun àti tèmi tó kú. Mo tú u lórí tábìlì, mo tú tèmi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà kú. Mọ́tò tèmi ló jó. Mọ́tò tirẹ̀ wà láàyè, ìdí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́. Mo yọ èyí tó wà láàyè fún èyí tó fẹ́ yè. Nígbà tí mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó dún bó ṣe máa ń dún láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo jó yí tábìlì ká.

Báyìí ni ilé tí kò ní máṣíìnì kan ṣe di ilé oní-máṣíìnì mẹ́ta. Tọ́pẹ́ tí kò mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ti oògùn jókòó sídìí dúdú, aya Káyọ̀dé jókòó sídìí funfun, èmi wà nídìí tèmi. A ń rán, a ń yẹ ara wa wò, a ń bú ara wa. "Tọ́pẹ́, apá ta ló gùn tó báyìí, ti ọ̀bọ ni?" Yàrá iwájú ilé mi ní Dagenham ń ho bí ọjà. Lọ́jọ́ ìkórè, akọrin méjìlélógún tò wọlé, funfun báláú, ẹsẹ̀ lásán, kò sí ọ̀kan tí aṣọ rẹ̀ wọ́ nílẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn, mo gbé àgbọ̀n mi sókè. Mi ò parọ́ fún yín, mo gbé e sókè gan-an.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Tọ́pẹ́ fi ohun tí Rọ́nì kọ nípa mi sórí fóònù hàn mí, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Kò gùn. Ó ní: obìnrin yìí sọ pé òun máa wá, ó sì wá.

Ìwé tí wọ́n ti kọ nípa mi ní ìlú yìí pọ̀. Wọ́n kọ bí mo ṣe wọlé, bóyá kí n dúró, bóyá kí n ṣiṣẹ́, iye oṣù tó kù. Mo ní páálí kan tó kún fún wọn. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ tí ìwé ìrìnnà pupa ti ìlú yìí dé ọwọ́ mi ni mo di ará ibí. Ní ọjọ́ yẹn, mo dúró ní East Street, mi ò mọ nǹkan kan tó yí padà. Ọ̀sán Eastbury yẹn ló yàtọ̀: ẹnìkan jókòó sídìí fèrèsé, ó ń retí èèyàn, èmi sì ni ẹni tó dé.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo tó fojú kan Bísọ́lá. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń kígbe pé, "Ẹ kú gbàǹjo!"

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, nítorí náà mo ti pín nǹkan mi. Tọ́pẹ́ ló jogún dúdú olódòdó wúrà. Ó ti kó lọ sílé ọkọ, kọ́tìnnì ló sì kọ́kọ́ fi rán. Funfun wà nínú yàrá kékeré ní ilé ìjọsìn, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, aya Káyọ̀dé sì ń fi kọ́ ẹni tó bá fẹ́. Tèmi tó kú tó sì jíǹde ti dé Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ Bísọ́lá ń fi jẹun. Òkú ẹ̀kẹta, egungun rẹ̀ lásán, Bùrọ́dà Káyọ̀dé ló jogún rẹ̀: ó fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a, mo sì máa ń sọ fún un pé kó máa ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kó tó wọlé.

Agolo bọ́tìnnì nìkan ló kù lọ́wọ́ mi. Ẹ má bèèrè rẹ̀. Ènì ni, a kì í pín ènì lógún. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún ló ń jẹ ẹ́.